Àtìpó

Àtìpó (ọ̀rọ̀-orúkọ): ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ tó ń gbé nílùú onílùú. Àlejò lè sùn mọ́jú kó padà sílé. Àtìpó ti gbalé, ó ti rí iṣẹ́, ó lè ti bímọ síbẹ̀. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò mọ àtìpó dáadáa.

Ìgbà wo wá ni àtìpó ń di onílùú? Àríyànjiyàn ibẹ̀ pọ̀. Jámánì bá Ítálì ṣe àdéhùn ní 1955, ó bá Tọ́kì ṣe é ní 1961, láti kó òṣìṣẹ́ wọlé. Gastarbeiter ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àlejò, nítorí wọ́n rò pé wọn yóò padà. Nígbà tí ìjọba dáwọ́ ìgbanisíṣẹ́ náà dúró ní 1973, ọ̀pọ̀ wọn ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ. Síbẹ̀, títí òfin fi yí padà ní 2000, bíbí ọmọ sí Jámánì nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀.

Yorùbá náà mọ̀ ọ́n lára. Ní 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá kó ẹrù wálé, títí kan àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà; ibẹ̀ ni àpò Ghana Must Go ti gborúkọ.