Ẹ̀jẹ̀ Iyèkan àti Ẹ̀jẹ̀ Àlejò

Bí a bá tẹ́tí sí èdè àwọn àgbà wa dáadáa, a ó rí i pé inú àti ọmú ni wọ́n sábà fi ń júwe ìbátan. Ọmọ ìyá ni àwọn tí inú kan náà bí; iyèkan ni wọ́n; ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Ọbàkan ni àwọn tí bàbá nìkan pa pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń wọlé ni ibi tí ẹni méjì tí kò bá ara wọn tan bá ti fẹ́ di ọ̀kan. Wọn á sín gbẹ́rẹ́ sí ara, èkíní á tọ́ ẹ̀jẹ̀ èkejì wò, wọn á sì fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá dalẹ̀ èkejì, ilẹ̀ á mú un. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa, òdì-kejì rẹ̀ ni a ṣe: a ní kí ẹbí nìkan máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí.

Yàtọ̀ sí ìmùlẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lára ènìyàn láìjẹ́ pé ó fara pa kò pọ̀. Olóólà a máa kọ ilà, a sì máa dábẹ́ fún ọmọ. Omi ìgbín ni a fi ń tu ojú ọgbẹ́ lára. Àwọn oníwo, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Haúsá, a máa kiri àdúgbò ní Èkó. Wọn á fi abẹ sín ẹ̀yìn ẹni tí ara ń ro, wọn á fi ìwo fa ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀jẹ̀ burúkú, wọn á sì dà á nù. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ de ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìbẹ̀rù nìkan ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ohun tuntun ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ohun tuntun fún gbogbo ayé.

Ní 1818 ni James Blundell, oníṣègùn agbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí gbìyànjú láti fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ara ènìyàn, nítorí àwọn abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn títí wọ́n fi ń kú. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún, àwọn kan yè, àwọn kan kú. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ títí di 1901, nígbà tí Karl Landsteiner, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ìsọ̀rí, àti pé ìsọ̀rí kan lè kọ òmíràn. Láàárín 1914 sí 1915, a rí i pé bí a bá po èròjà sodium citrate mọ́ ẹ̀jẹ̀, kò ní dì. Ìgbà náà ni ó tó ṣeé ṣe láti gbà á lónìí kí a sì lò ó lọ́la.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni ti Percy Lane Oliver. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Red Cross ní Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ìwòsàn King's College pè é lórí tẹlifóònù pé àwọn nílò ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Òun àti àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ gbéra, ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan nínú wọn ni ó sì bá ti aláìsàn mu. Láti ìgbà náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti sọ ilé ara wọn di ọ́fíìsì. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sílẹ̀, tẹlifóònù ń dún lọ́sàn-án lóru, tọkọtaya sì ń wá ẹni tí wọn yóò rán lọ. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Agbègbè Peckham ni ilé náà wà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kún fọ́fọ́ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ ra èlùbọ́ níbẹ̀ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí.

Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá dé ilẹ̀ wa, UCH ní Ìbàdàn ní 1957, LUTH ní Ìdí-Àràbà ní 1962, ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ fífà bá wọn dé. Ètò bíi ti Oliver ni kò fìdí múlẹ̀ tó. Ohun tí ó fìdí múlẹ̀ ni gbólóhùn kan tí kò sí ìdílé tí kò mọ̀ ọ́n: "Ẹ lọ mú ẹni méjì wá."

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí ní Ajégúnlẹ̀. Orúkọ ìlú náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Láti nǹkan bí 1926 tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá, Ìlàjẹ, Urhobo, Ijaw, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá láti ìlú gbogbo ti ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé ní tòsí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá wá síbẹ̀, ó fi agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá ni. Bàbá rẹ̀ wà ní Òkìtìpupa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Warri. Ẹni tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan náà kò bá a tan, èdè wọn sì lè má dọ́gba.

Kí ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá bímọ, kí ẹ̀jẹ̀ má dá. Ọmọ méjì wà ní ilé ìwé tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ mú, ìkòkò wà lórí iná, ìyá ìyàwó kò tíì ti ìlú dé. Àbúrò kan ṣoṣo tí ọkọ ní ní Èkó wà ní Wharf Road, níbi tí ó ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Tẹlifóònù rẹ̀ ń dún, kò gbọ́. Ta ni yóò lọ mú ọmọ? Ta ni yóò lọ wá ẹlẹ́jẹ̀? Ipò báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa wà nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé wọn: aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn, ọkàn wà nílé, ikú sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀jẹ̀ fífi sílẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ibi ni yóò máa fi rántí rẹ̀. N kò lè dá a lẹ́bi bí kò bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Aboyún kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ara wọn kò tó ni wọ́n sì ń dá padà lẹ́nu àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn abiyamọ àti àwọn ọmọ wọn ni ó ń lò ó jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sí ènìyàn lára lè jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ibà ni ó sábà ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Nítorí náà, bí a bá dá ọ̀rọ̀ náà dá ẹbí, ọrùn ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdílé ni gbogbo ẹrù náà já lé, àwọn náà sì lè wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Ibi tí ẹbí kò bá sí, owó a máa gba ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí wọ́n ń rìn káàkiri ẹ̀bá ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Ọkọ aláìsàn á mú ọ̀kan wọlé, á ní àbúrò òun ni. Ẹni tí ebi ń pa kò ní sọ pé oṣù tó kọjá ni òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ àìsàn tí ó ti ṣe é rí. Láti 1975 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gbé ètò wọn ka orí ìyọ̀ǹda láìgba owó. Àrùn éèdì, tí a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1986, sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ikú tàbí ìyè. Ní 2005 ni ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òfin sì sọ ọ́ di National Blood Service Commission ní 2021. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹbí àti ọwọ́ àwọn tí ń tà á ni púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò ṣì ti ń wá.

Lójú tèmi, ẹ̀ka àṣà tí kò yẹ ni a so ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ọ̀wẹ̀ ni a sọ ọ́ dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a máa pe ọ̀wẹ̀. Àwọn ará ilé, àna àti ọ̀rẹ́ á dé, wọn á ṣiṣẹ́, a ó sì bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òun yóò kọ́lé ni ó lè pe ọ̀wẹ̀. Èésú ni ẹ̀jẹ̀ fi jọ. Àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n kó ara wọn jọ láti dá èésú kò bá ara wọn tan dandan. Oníkálukú ń dá iye kan náà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, yálà ìnáwó wà nílé rẹ̀ tàbí kò sí, ẹni tí ó kàn ni yóò sì kó o. Wọn kì í dúró di ìgbà tí ìnáwó bá délẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a. Ìyàtọ̀ kan wà, n kò sì ní fi í pa mọ́: ẹni tí ó dá èésú mọ̀ pé yóò kan òun lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lè má nílò rẹ̀ títí ayé.

Ohun tí a ń dá nínú èésú yìí kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5. 450 mìlílítà ni a sábà ń gbà, kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí àpò tó kún. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á ti padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èyí tí ó pọ́n nínú rẹ̀ á sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ó ṣòro fún onílé ni wákàtí tí yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀. Bí a bá pa ẹ̀jẹ̀ odindi mọ́ sínú òtútù tí ó yẹ, ọjọ́ 35 ni ó lè lò. Ẹni tí ó bá lọ ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ti fi bí oṣù kan gbáko ṣáájú ẹni tí ń sáré lóru.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ wà níbì kan yàtọ̀ sí kí ó dé ibi tí a ti ń wá a. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà fi tò sí Wharf Road àti àwọn òpópó tí ó yí i ká, tí awakọ̀ ń sùn sínú wọn fún ọjọ́ púpọ̀. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe Wharf Road. Ní 2021 ni wọ́n sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí yóò máa pe tírélà wọ èbúté ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú irú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni Temie Gíwá-Túbọ̀sún, ọmọ bíbí Ìlá-Ọ̀ràngún, dá LifeBank sílẹ̀ ní Èkó ní 2016. Òun fúnra rẹ̀ ti la ìbímọ tí ó le kọjá ní Amẹ́ríkà ní 2014. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ni láti mọ ilé ìwòsàn tí ó nílò ẹ̀jẹ̀ àti ibi tí irú rẹ̀ wà, kí alùpùpù sì gbé e nínú àpótí tútù gba àárín ọkọ̀ kọjá. Alùpùpù lè gbé àpò dé Ajégúnlẹ̀. Kò lè fi ẹ̀jẹ̀ kún un.

Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gba ẹ̀jẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìsọ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní Ro ni ó sábà dára jù fún irú wọn. Ó wà lára èyí tí ó ju ìdajì àwọn aláwọ̀ dúdú lọ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ni ó ní i. Nítorí náà, iléeṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ àwọn ọmọ Áfíríkà àti Karibíà kí wọ́n jáde. Àlejò tí ọmọ Yorùbá kan ń retí ní Peckham lè jẹ́ ọmọ Ghana tàbí ọmọ Jàmáíkà tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí àpò ẹ̀jẹ̀ bá sì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, nọ́ọ̀sì á gbé e sókè, á kà á sókè ketekete, ẹlòmíràn á sì tún un kà: nọ́ńbà, ìsọ̀rí, ọjọ́ tí a gbà á, ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí oríkì lára rẹ̀.