Baálẹ̀ Apòmù àti Ohun tí Ó Fi Sílẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn, kí ó yà sí Apòmù, ìlú tí ó bá Ìkirè pààlà.

Láyé àtijọ́, ọjà Apòmù lókìkí púpọ̀. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ṣòwò. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò wọ ọjà náà. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Nítorí èyí ni Aláàfin Abíọ́dún ṣe pàṣẹ fún Baálẹ̀ Apòmù pé kí ó má ṣe jẹ́ kí a ta ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀.

Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé Aólẹ̀, ọmọ ọba, wá ṣòwò ní Apòmù, ó sì fi ọ̀rẹ́ tí ó bá a rìn gba ọjà. Baálẹ̀ mú un, ó ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ wá jọba, tí wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, Apòmù ni ó dárúkọ.

Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, ṣùgbọ́n Ọọ̀ni pàápàá kò lè gbà á sílẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá di ẹ̀mí òun mú, ìlú òun yóò parun. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu ọba lójú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀kan fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ kí ó lè ní ẹrù. Èkejì fi gbogbo ohun tí ó ní sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè ní tiwọn. Ìtàn kò tilẹ̀ ka ẹrù Aólẹ̀ sí débi tí yóò dárúkọ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, àwọn ìjòyè rẹ̀ gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó sì jẹ májèlé kú.

Ṣé ayọ̀ wà nínú irú fífúnni bẹ́ẹ̀? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ ẹlẹ́rìn-ín. Ayọ̀ ìyá tí ó jí láàárọ̀ tí ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, Ìṣọ̀kan ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Apòmù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lónìí. Baálẹ̀ kan ti san owó orúkọ náà sílẹ̀ kí a tó sọ ọ́.