Ìbámu

Lẹ́nu àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà, ìbámu ni pé kí mọ́dábọ́ọ̀dù àti ètò tí a fẹ́ gbé sórí rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Fún ẹni tó fẹ́ lo Linux, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá bọ́ọ̀dù á tàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló máa tàn. Àwọn ṣíìpù kéékèèké ara rẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò: ti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti Wi-Fi, ti ohùn, àti èyí tó ń ka ìgbóná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló nílò dírífà tirẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń darí rẹ̀. Inú kánẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ ọkàn Linux, sì ni ọ̀pọ̀ dírífà wà.

Ìdí nìyí tí kánẹ́ẹ̀lì tuntun fi dára fún bọ́ọ̀dù tuntun. Inú kánẹ́ẹ̀lì 5.12, tó jáde ní 2021, ni dírífà ṣíìpù Wi-Fi MT7921 ti MediaTek ti kọ́kọ́ wọlé. Kánẹ́ẹ̀lì tó jáde ṣáájú rẹ̀ kò mọ ṣíìpù náà rí, bó ti wù kí bọ́ọ̀dù wọ́n tó.

Torí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, wá orúkọ ṣíìpù kọ̀ọ̀kan. Má wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára páálí nìkan. Bí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀dù náà bá gbà, fi USB tí Linux wà lórí rẹ̀ tan án, kí o tẹ àṣẹ lspci -k. Bí o bá rí “Kernel driver in use” lábẹ́ ṣíìpù kan, dírífà ti gbà á nìyẹn.