Rashidi Yekini: Igba ojú ló mọ̀ ọ́n

Tòní, ẹ kọ́kọ́ bá mi wá fídíò kan lórí fóònù yín: Nàìjíríà àti Bùlgáríà, 1994. Góòlù àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni, ní Dallas, l'Amẹ́ríkà. Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, Rashidi Yekini sì tì í wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje Ife Àgbáyé nìyẹn. Yekini wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú rẹ̀, ó dì í mú, ó ń mì í, ó ń sunkún, ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí àwa tá à ń wò ó ò gbọ́.

Ó ti ṣiṣẹ́ kó tó débẹ̀ o. Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Ìbàdàn, ó lọ sí Abidjan, ó dé Potogí. Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, àwọ̀n yẹn nìkan ni gbogbo wa ń rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀: igba ojú ló mọ ẹni náà. Òun ò sì mọ igba ojú.

Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Ìbàdàn ló ń gbé, kì í sì fẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà nílé kejì yín lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún oṣù kan, kò ní wọ ìwé ìròyìn. Ti Yekini wọ̀ ọ́. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi náà sọ ọ́. Inú Micra kan tó ń ti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. Màmá kan tó jókòó tì mí ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti bá a jókòó rí?"

Mo dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìdùnnú ló mú un sunkún nínú àwọ̀n ọjọ́sí. Ta ló sọ fún yín?"

Yekini kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2012, lẹ́ni ọdún 48. Àwọn alálàyé wá pọ̀ ju àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò ń sọ tiwọn, ẹbí ń sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu.

Mi ò sọ pé ká má ṣèdájọ́ gbajúmọ̀ rárá o. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí òpó, ẹ bú u, ojú yín ló ṣe. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ n'Ìbàdàn ńkọ́, ta ló débẹ̀ nínú wa?

Mọ́lété ni màmá yẹn ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mi ò bi wọ́n bóyá àwọn mọ̀ ọ́n.