Àgbádárìgì: Ìlú Tí Oníbodè Pọ̀ Sí

Ẹni tó bá dúró ní etí omi Àgbádárìgì, tó kọjú sí gúúsù, òkun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀sà ni yóò rí, omi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá, tó ń rọra lọ sí Èkó. Ní òdìkejì ọ̀sà náà ni ilẹ̀ iyanrìn gbọọrọ kan wà tí igi àgbọn bò. Orí rẹ̀ ni abúlé Gberefu wà. Ẹ̀yìn iyanrìn yìí ni òkun gan-an wà, pẹ̀lú ìgbì tí kì í sinmi. Láti àríwá, odò Yewa ń ṣàn bọ̀ wá dà sínú ọ̀sà. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe to ilẹ̀ náà nìyẹn: òkun, iyanrìn, ọ̀sà, ìlú, kí oko tó kàn. Ìtò yìí ló sọ ohun tí àwọn aláṣẹ fi ẹkùn náà ṣe, láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

Nítorí pé ìgbì le, ọkọ̀ òkun Òyìnbó kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Òkèèrè ni yóò dúró sí. Àwọn atukọ̀ tó mọ ìgbà tí ìgbì ń rọlẹ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré já ẹrù wá sí èbúté. Alárù yóò rù ú kọjá lórí iyanrìn gbígbóná, ọkọ̀ mìíràn yóò gbà á lójú ọ̀sà, kó tó dé ìlú. Bí wọ́n ṣe ń kó ọtí, aṣọ àti ìbọn wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kó ènìyàn jáde. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan wà tó ń gba tirẹ̀.

Ogun ló dá ìlú náà sílẹ̀. Ní 1724, ìjọba Dàhòmì kọlu Àlàdá, ó sì gbà á. Ní 1727, ó gba Wídà. Àwọn tó sá lọ sí ìlà-oòrùn tẹ̀lé ọ̀sà, ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀dó sí etí omi yìí. Àwọn ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Oníṣòwò ará Hóláńdì kan, Hendrik Hertogh, wà lára àwọn tó sá bẹ́ẹ̀. Ìlú Jakin ló ti ń ṣòwò kí Dàhòmì tó ba ibẹ̀ jẹ́ ní 1732. Ó kó òwò rẹ̀ wá sí Àgbádárìgì, wọ́n sì pa á níbẹ̀ ní 1738. Huntokonu tí ìtàn ìlú ń dárúkọ, àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé òun náà ni.

Ìlú tí àwọn àsáwọ̀ láti ibi púpọ̀ pàdé sí kò lè jẹ́ ti ọba kan ṣoṣo. Àdúgbò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ títí di òní: Jegba, Ahovikoh, Boekoh, Awhanjigoh, Posukoh, Asago, Wharako àti Ganho. Olóyè kọ̀ọ̀kan ló ni àdúgbò rẹ̀. Akran wà ní Jegba, Mobee ní Boekoh, Possu ní Posukoh, Jengen ní Awhanjigoh. Olóyè kọ̀ọ̀kan ló ní Òyìnbó tó ń bá a ṣòwò, débi pé àwọn àlejò ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń pe ọ̀kan ní olóyè Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn ní olóyè Potogí, òmíràn ní olóyè Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìjọba ní Àgbádárìgì ní láti bá olóyè mẹ́jọ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ìjà fi pọ̀ nínú ìlú, ìdí náà sì nìyí tí ẹnìkan kò fi lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ní 1784, Dàhòmì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ àti Èkó pa ìlú náà run. Àdúgbò mẹ́jọ náà tún jí dìde.

Ní nǹkan bí 1821, wọ́n lé Ọba Adélé kúrò lórí oyè ní Èkó, ó sì wá fi Àgbádárìgì ṣe ibùgbé. Kò pẹ́ tó fi di alágbára níbẹ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Richard Lander kó sí ní 1827. Lander ti bá ọ̀gá rẹ̀, Clapperton, gba Àgbádárìgì wọ inú ilẹ̀ lọ ní 1825. Clapperton kú ní Sókótó, ìránṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló padà dé. Àwọn oníṣòwò Potogí tó wà nílùú lọ fẹ̀sùn kàn án pé amí Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n mú un lọ sí ojúbọ, wọ́n gbé igbá omi èèpo igi olóró fún un: bó bá jẹ̀bi, yóò kú; bó bá yè, kò jẹ̀bi. Ó mu ún tán, ó jáde, ó sáré lọ sílé, ó sì fi oògùn èébì pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe yè nìyẹn, tó sì tún padà gba etí omi kan náà wọlé ní 1830 láti lọ wá ẹnu odò Ọya. Ẹ̀rù tó ba àwọn Potogí yé ni dáadáa. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá mọ ọ̀nà tó wọ inú ilẹ̀, ẹni tó ti jókòó sẹ́nu ibodè yóò pàdánù èrè rẹ̀.

Àwọn míṣọ́nárì tún gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS dé ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé abẹ́ igi Agia ni wọ́n pé jọ sí. Igi náà wó ní 1959. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí CMS kọ́, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà. Àjàyí Crowther gbé Àgbádárìgì lásìkò náà, kó tó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Abẹ́òkúta ni ọkàn wọn wà. Àgbádárìgì jẹ́ ibi tí wọ́n ń dúró sí kí ọ̀nà tó là.

Ní oṣù Kẹfà 1851, ìjà àwọn tó wà lẹ́yìn Akítóyè àti àwọn ti Kòsọ́kọ́, àwọn méjì tó ń du oyè Ọba Èkó, jó apá tó pọ̀ nínú ìlú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibodè lórí ọjà. Àwọn oníṣòwò kò gbà; wọ́n kó ẹrù wọn gba Àgbádárìgì kọjá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi wọ́n. Nítorí owó yìí, ju ohunkóhun mìíràn lọ, ni Gẹ̀ẹ́sì fi mú àwọn olóyè Àgbádárìgì fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Keje 1863, tí ilẹ̀ náà fi di apá ìwọ̀-oòrùn Kóló̩nì Èkó.

Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ti ń lò ní Íńdíà náà ni: ọ̀gá kan fún ẹkùn kan, tí yóò máa dá ẹjọ́, tí yóò máa ṣọ́ ọlọ́pàá, tí yóò máa gba owó. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ní Íńdíà, lórí ilẹ̀ oko ni owó ìjọba ti ń wá, nítorí náà akọ̀wé ní láti mọ abúlé kọ̀ọ̀kan, oko kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín. Ní Àgbádárìgì, ọjà tó ń kọjá ni wọ́n ń bu owó lé. Oníbodè kò nílò láti mọ ará abúlé Ajido, Iworo tàbí Apa. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ló kàn án.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Yúróòpù, wọ́n fa ìlà kan láti etí òkun lọ sókè. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ògù wà ní ìhà méjèèjì. Ọmọ ìyá kan wá di ará orílẹ̀-èdè méjì.

Nínú àwọn tó rí ọ̀nà gbà láàárín ìjọba tuntun yìí, Sẹ̀ríkí Williams Abass kò ṣeé fò dá. Ọmọ Jọga Òrílé ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ṣì wà ní agbo ilé rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá a lò gẹ́gẹ́ bí ìjòyè ńlá títí ó fi kú ní 1919. Ó dun ni pé ẹni tó ta ènìyàn ni ìjọba yàn láàyò, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà ọjà ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀, C. D. Akran jẹ́ ọba ìlú, ó sì tún jẹ́ mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Òun ni wọ́n fi sọ òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà.

Ní 1967, ẹkùn Àgbádárìgì di ọ̀kan lára ẹkùn márùn-ún tó para pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ́, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ya kúrò lára rẹ̀. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ tún fi Badagry West àti Ọlọ́rundá kún un, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò tíì ka irú ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ogún tó kọ sílẹ̀ fún Èkó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Topo, ìrìn díẹ̀ sí ààrin ìlú, ni ASCON wà láti àwọn ọdún 1970, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti gbogbo Nàìjíríà ti ń kọ́ iṣẹ́ àbójútó.

Ọ̀nà márosẹ̀ ti gba ipò lọ́wọ́ ọ̀sà. Láti ibodè Sẹ̀mẹ̀ sí ìlú, ẹni tó bá wọ dáńfó yóò rí aṣọ́bodè, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de, okùn kan tẹ̀ lé òmíràn lójú títì. Ìyá tó kó àgbọn tirẹ̀ lọ ọjà ní ìlú tirẹ̀ ń dúró pẹ̀lú ẹni tó ń kó ìrẹsì wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà náà ní 2009. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó tẹ̀ lé e ṣí ní 2023, Mile 2 ló sì dúró sí.

Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 241,093 ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní 380,420 ni wọ́n. Kò tíì sí ìkànìyàn mìíràn láti ìgbà náà. Iye yàrá ìkàwé, iye nọ́ọ̀sì, iye owó tó ń wá sí ìjọba ìbílẹ̀, lórí irú iye yìí ni wọ́n ń gbé e lé. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìwé ìkànìyàn dé, kí àwọn tó ń kà wá bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò mẹ́jọ, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi dé Gberefu àti àwọn abúlé tó wà lórí iyanrìn, kí wọ́n dé Apa àti Ajido, kí wọ́n sì mú ẹni tó gbọ́ èdè Ògù dání.