Kò Sọ́ọ̀fẹ́ ní Kòsọ́fẹ́: Ìtàn Ewé, Tékàwéè àti Abọ́ Páálí

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí pé ìtàn ọjà wà nínú rẹ̀: ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọṣẹ tà láyé ijọ́un. Irú, obì àti ẹran pàápàá, ewé ni. Ní ti oúnjẹ, ewé eéran, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Thaumatococcus daniellii, ló gba ipò iwájú. Òun la fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, òun la sì ń tẹ́ sábẹ́ ìrẹsì ọ̀fadà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ á gbé abọ́ tánganran lé ọmọ lọ́wọ́. Bí a bá jẹun tán, a ó fọ abọ́, ewúrẹ́ á jẹ ewé, èyí tó bá kù á jẹrà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ ṣá: ewé náà ní iye tó ń náni. Ẹnìkan ló wọ igbó lọ já a, ẹlòmíràn ló gbé e wọ Èkó. Olóúnjẹ á nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún pọ́n oúnjẹ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn àwọn obìnrin ni a fi ń san owó yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ewé tún máa ń ya, kò sì lè gbé ọbẹ̀ rìn jìnnà.

Ibi tí ọ̀rá ti rí àyè wọlé nìyẹn. Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ Celloplast ní Sweden gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọ̀rá tí Sten Gustaf Thulin hùmọ̀. Fóòmù ti ṣáájú rẹ̀: nígbà ogun àgbáyé kejì ni Dow ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ìdóòlà orí omi ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe, kì í ṣe abọ́ ìrẹsì. Nígbà tí irú rẹ̀ wá di abọ́ funfun tí a ń pè ní tékàwéè, ó bá ìgbésí ayé Èkó mu gan-an. Ẹ wo Mile 12 àti Kétu. Alábàárù tó ń já tòmátì, awakọ̀ tó ń dúró de èrò, ta ló ráyè jókòó? Ta ló gbé abọ́ wá láti ilé? Olóúnjẹ tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà kò sì fẹ́ fọ àwo púpọ̀.

Tékàwéè wá jọ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó dí ní Ìkòsì, ta ló ń kó o? Ààtàn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, tí wọ́n ṣí ní 1992, ló gba ẹrù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín sì bo àdúgbò. Kì í ṣe gbogbo àgbàrá ni ẹ̀bi tékàwéè o. Ẹ̀kún omi tó lé àwọn ará ìhà Mile 12 kúrò nílé ní oṣù kẹwàá 2010, omi Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n tú sínú odò Ògùn ló fà á.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2024, Kọmíṣánnà ètò àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tókunbọ̀ Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin tún kan ife àti ṣíbí ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù. Abọ́ páálí ló wá gbapò. Ó dára ju fóòmù lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù ú lọ, òmíràn sì ní ọ̀rá nínú kí epo má baà jò, nítorí náà kì í tètè jẹrà. Olóúnjẹ á fi kún owó, tàbí kó bu oúnjẹ kù, tàbí kó jẹ gbèsè náà nínú èrè rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé owó abọ́ kò pòórá rí. Ó kàn ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn ni: láyé ewé, obìnrin tó ń pọ́n ọn, láyé fóòmù, gbogbo ará àdúgbò, láyé páálí, olóúnjẹ. A kò rò pé ike ni ọ̀tá. Ní Mile 12 kan náà, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó tòmátì wá láti òkè Ọya máa ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, àpótí ike tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ń pa á mọ́ jù ú lọ. Jíjù nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ni ìṣòro wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ewé máa bá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ, ká sì san owó tó tọ́ sí ẹni tó pọ́n ọn. Kí páálí wà fún ẹni tí ìrìn àjò ká mọ́. Àwa tí ilé wa tàbí yàrá wa kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, ẹ jẹ́ ká gbé abọ́ wa dání, kí olóúnjẹ náà sì yọ owó páálí kúrò fún wa. Fífọ̀ rẹ̀ ni owó tiwa.