Kálòkálò Kọ́ O: Ìtàn Ẹ̀rọ Géèmù Tó Ń Jẹ Owó, àti Ẹni Tó Fẹ́ Gbé E Sílé ní Ọ̀tà

  

Olóòtú ní kí n kọ ìtàn. Ìtàn Ọ̀tà, ìtàn àwọn Àwórì, ìtàn oyè Ọlọ́tà, àwọn àgbà ti kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Ohun tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ní oríkì. Ẹ̀rọ géèmù ni. Kì í ṣe ti orí fóònù tí àwọn ọmọ yín fi ń jẹ dátà yín o. Mo ń sọ ti èyí tó dúró gbagidi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní tẹlifíṣọ̀n láyà, tó ní ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì níwájú, tí ihò kan sì wà nísàlẹ̀ tí èèyàn ń sọ owó sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Arcade machine ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ géèmù olóòró, kó lè rọ̀ wá lẹ́nu. Ó ju ẹnìkan lọ nínú ẹgbẹ́ wa tó ti bi mí pé ṣé èèyàn lè ra ti àtijọ́ kan sí pálọ̀ ní Ọ̀tà yìí. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà.

Bí ẹ bá ṣe àpèjúwe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, “Áà, kálòkálò!” Bàbá kò jẹ̀bi. Kálòkálò ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń gbé e sí. O sọ owó sí i, o fa apá rẹ̀ wálẹ̀, àwòrán yí bírí. Bí àwòrán bá bára mu, owó dà wururu. Bí kò bá bára mu, o tún ki ọwọ́ bọ àpò. Owó oṣù ẹlòmíràn kì í délé. Ní 1977, ìjọba ológun ṣe òfin tó ka ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ rántí ẹni tó wà lórí àlééfà nígbà náà o: Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni, tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní October 1979, tó sì wá dáko sí Ọ̀tà wa níbí.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Ní New York, Fiorello La Guardia tó jẹ́ olórí ìlú náà gbógun ti pinball ní 1942. Pinball ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù irin kékeré kiri lábẹ́ gíláàsì. Ó ní tẹ́tẹ́ ni, ó ń kó owó lápò ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n fi òòlù fọ́ wọn yángá, àwọn oníròyìn sì ń ya fọ́tò. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òfin yẹn fi wà. Ní 1976 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe dúró síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, ó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kó tó ta á, bọ́ọ̀lù sì gba ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ rí i pé ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe oríire, wọ́n bá tú òfin náà ká. Àwọn tú tiwọn ká ní 1976, àwa so tiwa ní 1977.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yé àwọn bàbá yín. Kálòkálò ń ṣèlérí owó. Ẹ̀rọ géèmù kì í san kọ́bọ̀ kan padà. Bí o bá mọ̀ ọ́n ta, eré rẹ á pẹ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n ta, o ti kúrò níbẹ̀ kíá, ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ á bọ́ síwájú.

Ní 1972 ni iléeṣẹ́ Atari, tí Nolan Bushnell àti Ted Dabney dá sílẹ̀ ní Kalifóníà, gbé Pong jáde. Allan Alcorn ló ṣe é: igi méjì, àmì kékeré kan tó ń ta lọ ta bọ̀ bíi tẹ́níìsì orí tábìlì, ó parí. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ sí ilé ọtí Andy Capp’s ní ìlú Sunnyvale. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń bójú tó ilé ọtí náà fi ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ yín ti dákú o. Alcorn lọ, ó ṣí i. Kò sóhun tó ṣe é. Owó ló kún inú rẹ̀ débi pé kò sí àyè fún òmíràn.

Ẹnìkan wà ní agbègbè yẹn kan náà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí wọn kò kọ́ wa nípa rẹ̀. Gerald Lawson ni, Jerry ni wọ́n ń pè é, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Brooklyn ní 1940. Ẹnjiníà ni ní iléeṣẹ́ Fairchild. Nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ló ti dá ẹ̀rọ géèmù tó ń jẹ owó ṣe, ó pè é ní Demolition Derby. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé ó ń dá iṣẹ́ ṣe nílé, wọn kò lé e. Wọ́n ní kó máa bọ̀ wá ṣe é fún iléeṣẹ́. Òun ló darí àwọn tó ṣe Channel F tó jáde ní 1976, géèmù ilé àkọ́kọ́ tí èèyàn lè yọ káséètì kan kúrò nínú rẹ̀ kó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnu fẹ́ ìdí káséètì Sega “fùú” kó tó lè ṣiṣẹ́, ọmọ dúdú yìí ló la ọ̀nà yẹn fún yín. Lawson kú ní 2011.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná ràn. Tomohiro Nishikado ti iléeṣẹ́ Taito ní Japan ṣe Space Invaders ní 1978; Toru Iwatani ti Namco ṣe Pac-Man ní 1980. Wọ́n a máa sọ ọ́ pé Space Invaders jẹ owó onírin 100 yen ní Japan débi pé ó wọ́n gógó. Àhesọ ni. Àwa gan-an ni owó onírin wọ́n lọ́wọ́ wa ní tòótọ́, kì í sì í ṣe géèmù ló jẹ ẹ́.

Ẹ rántí pé 1 January 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ wà nígbà náà, kọ́bọ̀ 1, 5, 10 àti 25 wà, onírin ni gbogbo wọn. Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bíi òrí ínú oòrùn. Ní 1991 wọ́n sọ náírà 1 di onírin, àádọ́ta kọ́bọ̀ náà di onírin, ṣùgbọ́n kí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn tó wọ ilé-ìwé wa, owó náà kò ra ohunkóhun mọ́. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 onírin jáde. Àbí ta ni nínú yín ló fún ìyá oníṣọ̀ọ́bù ní Sàngó tí ìyá gbà á? Lójú tèmi, ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ géèmù olóòró fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí, ju òfin 1977 lọ, ju NEPA pàápàá lọ. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé owó onírin nìkan ló ń jẹ, báwo ni yóò ṣe yó níbi tí owó onírin ti kú?

Ilé géèmù ni a wá fi dípò rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má díbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kóóro, bẹ́ǹṣì gígùn kan, tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, Sega lórí ọ̀kan, PlayStation lórí èkejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré “I pass my neighbour” tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Bọ̀ọ̀dá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba owó bébà, ó ń ka iye eré. Ihò owó tiwa, èèyàn ni. Nígbà tí àwa fi wà ní kíláàsì ńlá, Winning Eleven ni gbogbo ẹni ń ta; ẹni tí wọ́n bá nà ló ń dìde. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ láti tún nǹkan oníná ṣe, torí ìgbàkigbà tí páàdì bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń pè.

Ó dáa, ẹ wá fẹ́ ra ti àtijọ́ báyìí. Kí ẹ má retí láti bá a ní gbangba nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ọjà Alábà kún fún tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù olóòró kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gidi, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní London tàbí Houston ni yóò bá a rà á, tí yóò sì kó o mọ́ ẹrù nínú kọ̀ńtẹ́nà. Pac-Man olóòró wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, owó tí ẹ máa fi gbé e sì lè ju owó tí ẹ fi rà á lọ. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí, nítorí náà ẹ ṣírò dáadáa kí ẹ tó yọ ayọ̀.

Bó bá wá délé, ẹ má tíì kì í bọ iná o! Iná 120 volts ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 100 ni ti Japan, tiwa sì lé ní 220. Ẹ̀rọ tó ti pé ogójì ọdún kò ní dúró fún àlàyé, èéfín ló máa rú. Step-down dandan, stabilizer dandan, nítorí iná Ọ̀tà tó ń wá gan-an kì í dúró síbì kan. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá tó wà nínú rẹ̀ náà léwu. Iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún volts lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ pe àgbà tó ti tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà ayé dúdú-òun-funfun. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà, ẹ tọ́jú rẹ̀, wọn kò pọ̀ mọ́.

Mo tún ní láti sọ ti bátìrì. Nínú bọ́ọ̀dù CPS-2 tí Capcom gbé jáde ní 1993, èyí tí Super Street Fighter II wà lórí rẹ̀, bátìrì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ eré náà. Ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kú, eré kú. Àwọn ọlọ́pọlọ kan ti wá ọ̀nà láti jí i dìde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì náà kẹ́yìn. Ní ti ọ̀tá tó wà nílé, ikán ni. Pákó àti pákó afárá ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ má jẹ́ kó fara kan ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikán á jẹ Pac-Man kí Pac-Man tó jẹ nǹkan kan.

Ọ̀nà tó rọrùn jù wà. Ní 1985 àwọn iléeṣẹ́ Japan fẹnu kò sórí ẹnu wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní JAMMA, ẹsẹ̀ 56 ló ní. Bọ́ọ̀dù géèmù tó bá bá a mu, ẹ lè yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi òmíràn sí i nínú pósí kan náà. Èyí túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀dù nìkan ni ẹ lè gbé wọlé nínú báàgì, kí káfíńtà Ọ̀tà kan ìyókù. Àwọn káfíńtà wa tí wọ́n ń kan kọ́bọ́ọ̀dù kò ní í rí i bí ìṣòro. Ti owó onírin ńkọ́? Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, Pac-Man pàápàá, ṣíṣí kékeré kan wà tí ẹ máa yí tí ẹ̀rọ náà kò fi ní béèrè owó mọ́ láé. Ọmọ yín tẹ bọ́tìnnì, eré bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin pọ̀ ní agbègbè ilé-iṣẹ́ wa, àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù sì ń kiri àdúgbò lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọmọlanke. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní kálòkálò àtijọ́, ẹ̀rọ géèmù, tàbí bọ́ọ̀dù rẹ̀ lásán nínú sítọ́ọ̀ bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kó tó di pé oníkóńdẹ́ẹ̀mù wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Mo ti ní káfíńtà, mo sì ti rí àgbà kan tó mọ tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá tún ṣe ní ọ̀nà Ìdírókò.